Ìbéèrè Màmá Mi Lẹ́bàá Piscina

"Tú èémí sílẹ̀," ni bàbá wí. "Má dì í mú sínú. Omi ò bá ẹ jà, ìwọ lò ń bá omi jà."

Etí mi méjèèjì wà nínú omi, ohùn wọn sì ń dún sí mi bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe òrùlé piscina, ilé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà, mo sì dojú kọ ojú ọ̀run Torino tó rí bí eérú. Ọ̀kan nínú ọwọ́ bàbá wà lábẹ́ ẹ̀yìn mi. Òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi yẹn ń ta mí nímú. Nítòsí wa, àwọn ìyá àgbà Italian kan fi cuffia, fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ aláràbarà, borí, wọ́n dúró sínú omi títí dé àyà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa orúnkún tó ń dùn wọ́n, bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ara rẹ̀.

"Non ce la faccio!" Mo kígbe pé mi ò lè ṣe é.

"Mo ti gbọ́," ni bàbá fèsì ní Yorùbá. "Tú èémí sílẹ̀."

Mo tú u sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó fura pé kò sí ọwọ́ kankan lábẹ́ ẹ̀yìn mi mọ́. Bàbá ti sún sẹ́yìn, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọ́n kàn ń wò mí. Èmi nìkan ni mò ń léfòó. Háà! Bí mo ṣe mọ̀ báyìí, kíá ni mo rì. Wọ́n fà mí jáde, mò ń wúkọ́, mò ń sunkún, bàbá sì ń rẹ́rìn-ín.

"O rí i? Kó o tó rò ó, o ti ń ṣe é. Ìgbà tó o rò ó lo bà á jẹ́. Ó yá, ká tún un ṣe."

Mi ò ní dárúkọ bàbá yìí. Wọn ò fẹ́ràn kí èèyàn máa pariwo orúkọ wọn nígbà tí wọ́n wà láyé, mi ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ báyìí tí wọn ò sí níbẹ̀ láti bá mi wí. Palazzo kan náà, ilé alájà púpọ̀, là ń gbé. Àwa wà lókè ní àjà kẹrin, àwọn wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó pàǹtírí sí. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, ọmọ etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé sórí igi nínú omi, tí ọmọdé ti ń wa ọkọ̀ lọ ra iyọ̀ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ojú omi nígbà tí irùngbọ̀n wọn ò tíì kún, ibẹ̀ ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà sì bá wọn. Lẹ́yìn ogun, wọ́n di atukọ̀ nínú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò, wọ́n yí ayé ká títí ọkọ̀ kan fi gbé wọn dé Genova. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, wọn ò padà sínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n wọ reluwé wá sí Torino, ìlú tí kò ní òkun rárá. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi kúrò lára òkun fúngbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ yẹn ni wọ́n fi darúgbó.

Iṣẹ́ wọn ni láti máa fọ àtẹ̀gùn palazzo wa. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kí wọ́n tó dé máa ń fi àkísà tútù nù ún lóréfèé, ó parí. Bàbá ò mọ ìyẹn. Wọ́n á ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á gbé garawa gòkè pátápátá, wọ́n á da omi sílẹ̀ látòkè, wọ́n á wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá a bọ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti fọ ọkọ̀ ogun nìyẹn, wọn ò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Ìyá Italian tó wà ní àjà kejì á ṣílẹ̀kùn, á pariwo pé omi ti wọlé òun. Bàbá á gbé ọwọ́ sí orí, wọ́n á kí i bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìró búrọ́ọ̀ṣì yẹn ló máa ń jí mi fún iléèwé.

Màmá mi ń ṣe turno, iṣẹ́ àyípoyípo, ní ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Dádì mi wà ní magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, ní Bergamo, alẹ́ Sátidé la máa ń rí wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ bàbá ni mo máa ń wà lẹ́yìn iléèwé àti láàárọ̀ Sátidé. Mo máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi lórí tábìlì kíṣìnì wọn, ẹja á máa hó lórí iná, bàbá á máa bá rédíò sọ̀rọ̀ bí ẹni pé rédíò náà lè dá wọn lóhùn. Màmá mi fọkàn tán wọn pátápátá. "Àgbà gidi nìyẹn," ni wọ́n máa ń wí.

Ṣùgbọ́n màmá mi bẹ̀rù omi, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù kékeré. A ní vasca ìwẹ̀ funfun gbàgàdà kan nílé, omi ò kún un rí. Garawa ni màmá mi máa ń gbé sínú rẹ̀, wọ́n á wá fi ife bu omi dà sí mi lórí, bí ẹni pé Ògbómọ̀ṣọ́ la ṣì wà. Tí tẹlifíṣọ̀n bá fi òkun hàn, wọ́n á yí i kúrò níbẹ̀. Mo lálàá nígbà kan pé mo bọ́ sódò, mo sì gọ̀ débi pé mo rọ́ ọ fún wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fà mí lọ bá pásítọ̀ wa. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí omi ń lépa mi, ni wọ́n bá da òróró sí mi lórí títí ó fi ń kán sí mi lọ́rùn. Màmá mi ò sọ ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, èmi náà ò béèrè. Mo rò pé bí ìyá ẹlòmíràn ṣe kórìíra ajá ni màmá tèmi ṣe kórìíra omi.

Bàbá ò mọ̀kan nínú gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: wọn ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó máa mú mi lọ sí piscina ìlú láàárọ̀ Sátidé. Wọn ò sì rò pé ohun tí èèyàn ń béèrè ni. Níbi tí wọ́n ti wá, ta ló ń tọrọ àyè kó tó kọ́ ọmọ ní ìrìn? Wọ́n kàn bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mo mọ̀wẹ̀. Mo ní rárá. Ojú wọn yí padà bí ìgbà tí mo ní mi ò tíì jẹun láti àná. Sátidé tó tẹ̀lé e la lọ. Èmi tí mo mọ ohun tó ń ṣe màmá mi, mo pa ẹnu mi mọ́ ní tèmi. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe, ẹni tó ti ń fi ife wẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i?

Òórùn ló tú àṣírí wa. Lálẹ́ Sátidé kan, dádì mi ò tíì dé, màmá mi ń di irun fún mi de ìsìn ọjọ́ kejì. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n fa orí mi sún mọ́ imú wọn.

"Varechina," ni wọ́n wí.

Varechina ni oògùn tí a fi ń bó aṣọ funfun. Màmá mi mọ òórùn rẹ̀ dáadáa, ó ń bá wọn wálé láti ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Òun náà ni bàbá sì fi ń fọ àtẹ̀gùn. Wọ́n gbóòórùn apá mi, wọ́n gbóòórùn ẹ̀yìn ọrùn mi, wọ́n bá sọ kóòmù sílẹ̀. Wọ́n fà mí lọ́wọ́, apá kan orí mi wà ní dídì, apá kejì wà ní títú, ó di ìsàlẹ̀.

"Ẹ kú alẹ́ o, bàbá." Màmá mi kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ìjà ni. "Bàbá, ọmọ mi ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi wò. Mi ò mọ̀ pé ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ ó fi ṣe! Ẹ ń fi ọmọ mi fọ palazzo! Gbogbo ara rẹ̀ ló ń rùn varechina!"

Ó rọrùn fún bàbá láti gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ní ẹ má bínú, kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Mo tilẹ̀ ń fi ojú bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa iná lábẹ́ ìkòkò, wọ́n nu ọwọ́ wọn.

"Dìde, ọmọ mi. Kò bá mi fọ nǹkan kan. Mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni. Omi piscina lò ń gbóòórùn rẹ̀ yẹn."

Igbe tí màmá mi ké! "Omi kẹ̀? Omi! Ẹ gbé ọmọ mi sínú omi?"

Bàbá ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé mo ti ń léfòó, pé tó bá kù díẹ̀ sí i... Màmá mi ò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀.

"Omi ló gbé àbúrò mi lọ!"

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, lórí ìdúró, nínú kíṣìnì tó ń ta sánsán ẹja. Ọkùnrin kan wà nínú fọ́tò tó wà nínú Bíbélì màmá mi, mo ti máa ń rò pé Nàìjíríà ló wà. Kò sí ní Nàìjíríà. Ó ti gba aṣálẹ̀ dé Libya, ó ti wọ ọkọ̀ pé òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Torino, ọkọ̀ náà sì dojú dé lójú òkun. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò yìí ṣì wà ní ìkókó. Màmá mi ló pọ̀n ọ́n, òun ló tọ́ ọ. Wọn ò rí òkú rẹ̀ sin. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Màmá mi fà mí padà sókè.

Láti Mọ́ńdè, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń dirun nínú ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà ni mò ń lọ lẹ́yìn iléèwé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́ ni mo gbọ́ níbẹ̀. Tí a bá pàdé bàbá lórí àtẹ̀gùn, màmá mi á tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á ní "ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì kọjá. Bàbá á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú garawa wọn. Inú ń bí mi sí màmá mi, àánú wọn sì ń ṣe mí. Àánú bàbá ń ṣe mí. Mo tún fẹ́ padà sínú omi. Ó pọ̀ jù fún ọmọdé, ni mo bá ń bínú sí oúnjẹ.

Nígbà tó yá, Sọ́ńdè àwọn bàbá dé. Inú capannone kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀, ni ìjọ wa ń pàdé. Ẹnì kan láti Bologna ti sọ fún pásítọ̀ pé ìjọba Nàìjíríà fún bàbá ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ìgboyà wọn nínú ìjà orí omi nígbà ogun. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ìjọ. Èmi ti rí i rí. Inú agolo bísíkítì ló wà pẹ̀lú bọ́tìnnì àti òwú, mo sì bi wọ́n pé kí ni. "Irin ni," ni wọ́n dáhùn, wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ lọ. Pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sáyà wá sí ìsìn. Wọ́n fi í sáyà kóòtù wọn, ó wọ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ yin Olúwa!" ni pásítọ̀ kígbe.

"Halleluyah!"

"Bàbá wa, ẹ bọ́ síwájú! Ẹ wá jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe fi àwọn ọ̀tá yín lé yín lọ́wọ́ lójú ogun!"

Kíbọ́ọ̀dù bú sórin. Èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ wa kì í ṣe èèyàn burúkú, bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn, ọ̀tá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n kàn gbàgbé pé àwọn ará wa tó jẹ́ Ìgbò jókòó sínú ìjọ náà, tọkọtìyàwó, tọmọtọmọ. Àwọn yẹn ò dìde. Bàbá gba makirofóònù, wọ́n dúró títí kíbọ́ọ̀dù fi dákẹ́.

"Ẹ má pè wọ́n ní ọ̀tá mi," ni wọ́n wí. "Ẹnu odò la ti kojú ara wa. Iná mú ọkọ̀ wa, iná mú tiwọn náà. Wọ́n ní mo láyà. Èmi mọ̀ pé ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo kàn mọ̀, ìyá mi ló kọ́ mi. Mo bẹ́ sómi, mo ń fa èèyàn jáde. Epo ti bo gbogbo wa lójú, ta lo fẹ́ bi pé èdè wo ló ń sọ? Mo fa tiwa, mo fa tiwọn. Nítorí tiwa ni wọ́n ṣe fún mi ní irin yìí. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò bi mí nípa tiwọn." Wọ́n gbé makirofóònù sọ́wọ́ kejì. "Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà, ìbọn ò ba ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n wọṣọ ológun ojú omi, wọn ò mọ̀wẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ! Ká ní ẹnì kan ti mú wọn dé odò nígbà tí wọ́n kéré ni..."

Wọ́n dá makirofóònù padà, wọ́n lọ jókòó. Pásítọ̀ ní "Halleluyah" kan, kò sẹ́ni tó gbè é. Ìyá Ìgbò kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ dìde lẹ́yìn, ó rìn lọ bá bàbá níjòkòó wọn, ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú. Màmá mi di ọwọ́ tèmi náà mú, wọ́n mú un le débi pé ó dùn mí.

Sátidé tó tẹ̀lé e, màmá mi jí mi láàárọ̀. Wọ́n ti wọ kóòtù.

"Dove andiamo?" Mo ń béèrè ibi tí à ń lọ.

A sọ̀ kalẹ̀, màmá mi kanlẹ̀kùn bàbá. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ooru piscina pọ̀, màmá mi ò bọ́ kóòtù. Wọ́n fi ọ̀rá búlúù wọ bàtà wọn bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, báàgì Bíbélì wà lórí itan, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Nígbàkigbà tí orí mi bá wọ omi, mo máa ń gbọ́ "Jésù!" Nígbà tó bá jáde, mo máa ń gbọ́ "Ẹ ṣé!" Bàbá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú omi, mo lúwẹ̀ẹ́ láti etí omi kan dé ìkejì, ẹsẹ̀ mi ń ta omi kiri bíi ti adìyẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo jáde, mo fi tówẹ̀ẹ̀lì bora, mo lọ dúró tì wọ́n, inú mi dùn, mò ń retí kí wọ́n yìn mí.

Màmá mi ò wò mí. Bàbá ni wọ́n ń wò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ti rí i rí. Ṣé ó máa ń dun èèyàn?"

Mo mọ ìdáhùn tó yẹ. Ìdáhùn yẹn ni gbogbo ayé ti ń fún màmá mi láti ìgbà tí omi ti gbé àbúrò wọn lọ. Pásítọ̀ ní áńgẹ́lì ló gbà á lọ́wọ́ omi. Dádì mi ní kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ìyá ìjọ ní ńṣe ló sùn. Bàbá bọ́ cuffia wọn. Wọ́n jókòó ti màmá mi, omi ṣì ń kán lára wọn sórí bẹ́ǹṣì.

"Ó máa ń dunni," ni wọ́n wí. "Mi ò ní í purọ́ fún ọ, ọmọ mi. Ó máa ń dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì máa ń bani. Kì í pẹ́. Lẹ́yìn náà, ara á dẹ̀, ojú á balẹ̀. Mo ti rí ojú wọn."

"Ṣé wọ́n máa ń pe èèyàn?"

Bàbá gbé cuffia náà sórí itan wọn.

"Ìyá wọn," ni wọ́n wí. "Tiwa àti tiwọn. Ìyá wọn ni gbogbo wọn ń pè."

"Kò mọ ìyá," ni màmá mi wí. "Èmi ló ń pè ní ìyá."

"Á jẹ́ pé ìwọ ló pè."

Màmá mi figbe ta. Mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ìyá àgbà Italian fi ọ̀rọ̀ orúnkún wọn sílẹ̀, wọ́n ń wò wá láti inú omi. Lọ́dọ̀ tiwa, tí èèyàn bá ń sunkún, gbogbo ẹnu á pé lé e lórí: ó tó, dákẹ́, ó tó. Bàbá ò sọ pé ó tó. Wọ́n jókòó ti màmá mi títí ẹkún náà fi tán fúnra rẹ̀. Nígbà tí a délé, màmá mi yọ fọ́tò yẹn kúrò nínú Bíbélì, wọ́n fi í sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì sọ orúkọ àbúrò wọn fún mi. Wọ́n ní aláriwo ni, pé ó lè jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá ti kú. Torino náà la sin wọ́n sí, ìjọ wa kún ibẹ̀, àwọn ará wa Ìgbò ló sì kọ́kọ́ dé. Àárò wọn ń sọ mí, mi ò ní í tan ara mi jẹ.

Padova ni mò ń gbé báyìí, casa di riposo kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Tí ẹnì kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á dé, wọ́n á wá mi rí ní kọ́rídọ̀, wọ́n á bi mí: "Ha sofferto?" Ṣé ó jìyà? Wọ́n kọ́ wa pé ká máa ní rárá, oorun ló gbé e lọ. Wọ́n ti pè mí sí ọ́fíìsì nítorí pé mi kì í sọ bẹ́ẹ̀ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n ni. Ẹni tó ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń fi ọkàn rẹ̀ rò ó láìsùn, ohun tó sì ń rò burú ju òótọ́ lọ.

Láìpẹ́ yìí ni ọkùnrin kan bi mí bóyá ìyá òun pe òun. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́. Orúkọ ọmọ ò jáde lẹ́nu ìyá náà. Ìyá tirẹ̀ ló ń pè, obìnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí ọkùnrin yìí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó di apá aṣọ iṣẹ́ mi mú, ó bú sẹ́kún, mi ò sì ní kó dákẹ́.